Iṣẹ́ Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀: Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Nílẹ̀ Wa, àti Ọ̀nà Tí Ọmọ Wa Lè Gbà Wọ̀ Ọ́

 

Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ pàṣẹ pé kí àwa ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí kọ ìtàn bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni a pè é. A ní ṣebí a ó kàn ṣí ìwé mínítì ìpàdé àkọ́kọ́ ni, a ó wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àwọn tó jókòó níbẹ̀ àti iye tí wọ́n dá, a ó sì dà á kọ. Àṣé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé àkọ́kọ́ ti fẹ̀yìn tì, ó ti darí sílé. Ó ní òun fi ìwé lé akápò lọ́wọ́. Akápò ní òun ti gbé e fún akọ̀wé kejì. Akọ̀wé kejì ní nígbà tí òun ń kó láti Garki lọ sí Kubwa, òun gbé àpótí kan pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní Nyanya. Nyanya náà ni a ti bá àpótí ọ̀hún, lábẹ́ àtẹ̀gùn, láàárín kẹ́ẹ̀gì epo àti táyà àtijọ́. Ikán ti jẹ ìwé méjì tán, ó ku páálí ẹ̀yìn wọn. Òjò ti pa ẹ̀kẹta, ó ṣì tutù rinrin, ojú ìwé rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ta ni ká dá lẹ́bi? Gbogbo wa ni. Owó ẹgbẹ́ ni a máa ń bi ara wa léèrè ní ìpàdé, a kì í béèrè ìwé ẹgbẹ́.

Nítorí náà, ìtàn ẹgbẹ́ wa kò sí nínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí. Dípò rẹ̀, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni láti má ṣe jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀. Archivist ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n. Àwa yóò máa pè wọ́n ní olùtọ́jú àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí láàárín wa ni kò gbọ́ orúkọ iṣẹ́ yìí rí. Dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà àti òṣìṣẹ́ báńkì ni a mọ̀ tí a ń gbàdúrà kí ọmọ wa dà.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa ní tiwọn. Ní ààfin Ọ̀yọ́, ọwọ́ àwọn arọ́kin ni ìtàn wà. Ìdílé ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀: baba a kọ́ ọmọ, ọmọ a kọ́ ọmọ tirẹ̀, láti orí Aláàfin kan dé orí èkejì, ta ló jẹ, ta ló ṣígun, ta ni wọ́n ní kó ṣí igbá wò. Iyè inú ni àpótí wọn. Àpótí náà dára, ikán kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí arọ́kin bá kú láìkọ́ ọmọ, ohun tó mọ̀ ti bá a lọ.

Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ ìjọ CMS ní Ọ̀yọ́, pinnu láti kọ ìtàn Yorùbá sínú ìwé, àwọn arọ́kin wà lára àwọn tó lọ bi léèrè. Ó parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní ọdún 1901, kò fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn ní Èkó, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, wọ́n fi ìwé tuntun náà sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n dà á gba Amẹ́ríkà lọ. Ó pẹ́ gan-an kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1921 ni ó tó jáde, Obadiah fúnra rẹ̀ sì ti kú ní ọdún 1920.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí èyí. Bí Johnson bá ti da àwọn ìwé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn nù nítorí pé ó ti dà wọ́n kọ dáradára, kí ni Obadiah ìbá fi ṣiṣẹ́? Kì í ṣe ìwé tó mọ́ tónítóní tó lọ sí òkè òkun ni ó yọ ìtàn wa nínú ewu. Ìwé jákujàku tó kù nílé ni.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìjọba òyìnbó náà ń kọ ìwé tirẹ̀. Kò sí ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n rán wá tí kì í kọ̀wé: ẹjọ́ ilẹ̀, ìjà oyè, owó orí, ààlà ìlú méjì, ẹni tó bá ọba jà àti ìdí tó fi bá a jà. Fáìlì ń pọ̀ sí i lọ́fíìsì, kò sí ẹni tó kà á sí nǹkan bàbàrà. Ẹni tó dìde sí i ni Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò, tó ń kọ́ni ní ìtàn ní University College, Ìbàdàn. Láti ọdún 1951 ni ó ti ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, láti ìlú dé ìlú, lórúkọ ìjọba, tó ń wo ibi tí wọ́n kó ìwé sí àti ipò tí ìwé wà. Ohun tó bá kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí àwa bá ní Nyanya: ọ̀rinrin, kòkòrò, ìwé tí a kó jọ sí yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀.

Ọdún 1954 ni àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún náà ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba sílẹ̀, Dike sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣe òfin fún un, ó sì di National Archives. Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé rẹ̀ sí, nínú ọgbà Yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni ti Kàdúná àti ti Enugu. Dike di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìkàwé ńlá tó wà níbẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọmọ Ìgbò ni ó kó fáìlì Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kúrò lẹ́nu ikán. Nígbà tí a bá ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ní Àbújá níhìn-ín, ó yẹ kí á máa rántí èyí.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Èkìtì, Ìbàdàn ni fáìlì àtijọ́ ti ìlú yín wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà, ẹ̀yin Ìgbómìnà, àti ẹ̀yin Ọ̀kun tí ẹ wá láti ìhà Kàbà, Kàdúná ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí abẹ́ ìjọba Àríwá ni wọ́n fi ilẹ̀ yín sí láyé ìjọba òyìnbó. Láti Àbújá, Kàdúná náà ni ó tilẹ̀ súnmọ́ jù.

Àbújá tí a ń gbé yìí pàápàá, orí ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́, ṣe alága rẹ̀ ni ó gba ìjọba nímọ̀ràn ní ọdún 1975 pé kí olú ìlú kúrò ní Èkó. Òfin kẹfà ti ọdún 1976 ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó dé tán. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ wà níbẹ̀ nígbà náà mọ bí a ṣe di fáìlì sínú páálí àti àpò, tí a sì kó o sọ́kọ̀ láti Èkó. Lọ́dún kejì, 1992, ni òfin tuntun jáde fún National Archives. Olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú wa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ wa ni a sì ń kọjá lọ láìmọ̀.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Àwọn kan rò pé iṣẹ́ wọn àti ti ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ìwé bá sọnù ní ilé ìkàwé, a lè ra òmíràn. Lẹ́tà tí ọba kan fi ìka tẹ̀ ránṣẹ́ sí ajẹ́lẹ̀, ẹyọ kan péré ni ó wà láyé.

Èèwọ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà ni pé wọn kì í da ìwé ibì kan pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn. Ìwé tó ti ọ́fíìsì kan wá, ọ̀tọ̀ ni wọn ó tò ó, bí ẹni tó ni ín ṣe tò ó náà ni wọn ó sì ṣe fi í sílẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; bẹ́ẹ̀ ni ìwé rí. Bí a bá rí lẹ́tà kan tí wọ́n fi bẹ ìjọba pé kí ó dá ilẹ̀ padà, tí èsì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìwé àwòrán ilẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́rìí fún ara wọn. Ẹni tó bá kó gbogbo àwòrán sí apá kan, tó kó gbogbo lẹ́tà sí apá kejì kí ó lè wuni lójú, ó ti pa ẹlẹ́rìí.

Èyí tó ṣòro jù ni yíyan èyí tí a ó pa mọ́. Ìjọba kan kò lè fi gbogbo ìwé pamọ́. Ibi tí yóò gbé e sí kò sí. Olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ni yóò jókòó ti òkìtì fáìlì, tí yóò sọ pé èyí ó dúró títí láé, èyí ó dúró fún ọdún mẹ́wàá, èyí ẹ sun ún níná. Ẹ̀rí ọkàn àti ìmọ̀ ìtàn ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ìwé atọ́nà tí ẹni tó ń wá nǹkan yóò fi mọ àpótí tí yóò béèrè. Yóò yọ pín-ìnnì tó ti dógùn-ún kúrò lára ìwé, yóò kó o sínú páálí tí kò ní kẹ́míkà tó ń jẹ bébà, yóò gbé e kúrò nílẹ̀, yóò sì máa ṣọ́ ooru àti ọ̀rinrin bí ìyá ṣe ń ṣọ́ ibà ọmọ. Bí ẹ bá lọ ka ìwé níbẹ̀, kí ẹ má bínú bí wọ́n bá ní kí ẹ fi bírò sílẹ̀ kí ẹ lo pẹ́ńsùlù. Yíǹkì tó bá ta sórí ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún kò ṣeé parẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò ní kọ̀ǹpútà ti dé, kí ni à ń wá lọ sínú eruku? Òótọ́ ni pé yíya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà ti di apá ńlá nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ wa ní lẹ́tà ẹgbẹ́ ti nǹkan bí ọdún 2001 lórí fulọ́pì mẹ́ta, a kò tíì rí ẹ̀rọ tí yóò kà wọ́n. Ẹni tó ń tọ́jú ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ní láti máa gbé e láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun láìsinmi. Iṣẹ́ kò dín kù rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé àtijọ́ kò wúlò, kí ó rántí Bakassi. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague dájọ́ pé Kamẹrúùnù ló ni ín. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fọwọ́ sí ní ọdún 1913 ni ìdájọ́ náà rọ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, iná jó ilé ẹjọ́ gíga ti Igbóṣeré ní Èkó nígbà rúkèrúdò EndSARS, ìwé ẹjọ́ àwọn ẹbí sì bá a lọ. Ní Timbuktu ní orílẹ̀-èdè Mali, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Nígbà tí àwọn ajàjàgbara gba ìlú náà ní ọdún 2012, àwọn ará ìlú, tí Abdel Kader Haidara ṣíwájú wọn, kó ìwé àfọwọ́kọ àwọn baba wọn sínú àpótí irin, wọ́n ń yọ́ ọ gbé jáde díẹ̀díẹ̀ lọ sí Bamako.

Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 2004, nígbà tí ìjọba Àbújá ń kó ìwé ilẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ní kí oníkálukú mú ìwé àtijọ́ wá fi gba tuntun, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa wá tirẹ̀ tì. Ilé tó fi gbogbo owó ayé rẹ̀ kọ́ ni. Oorun kúrò lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú Bíbélì ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé ni wọ́n ti rí i. Ìyá náà ni olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ilé yẹn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí ó fi kú.

Ó wá ku bí ọmọ wa ṣe lè wọ iṣẹ́ náà. Bí ó bá ṣì wà ní girama, kí ó ní krẹ́díìtì márùn-ún, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, kí ó sì má fi ìtàn ṣeré bí ilé ìwé rẹ̀ bá ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn JAMB, ó lè ka ìtàn, tàbí ẹ̀kọ́ nípa ilé ìkàwé àti ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbàdàn, ní Ahmadu Bello ní Zaria, ní Ìlọrin àti ní ibòmíràn. Ẹni tó ka òfin, èdè tàbí kọ̀ǹpútà pàápàá kò pẹ́ jù. Lẹ́yìn dígírì àkọ́kọ́ ni yóò wá lọ gba másítà nínú ìtọ́jú àkọsílẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ni orúkọ rẹ̀ lókìkí jù fún èyí nílẹ̀ wa, ní ẹ̀ka tí a mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí Library, Archival and Information Studies. Láyé àtijọ́, Ghana ni ọ̀pọ̀ ń lọ, sí ilé ẹ̀kọ́ tí UNESCO ràn lọ́wọ́ ní Yunifásítì Legon láàárín àwọn ọdún 1970. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, University College London àti Liverpool ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí láti bí ọdún 1947. Wọn a sì máa fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà níbì kan ná.

Ìmọ̀ràn wa nìyí lórí ìyẹn: kí ọmọ má dúró de ìwé ẹ̀rí. Ní àkókò ìkọ́ṣẹ́ àti ní ọdún àgùnbánirọ̀, kí ó bẹ̀bẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì, kódà bí ó jẹ́ ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọmọ tó lọ sí iléèkéwú tún ní ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní, nítorí ìwé tí wọ́n kọ ní Lárúbáwá pọ̀ ní Kàdúná, Ìbàdàn sì ti ní ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ jọ sí láti ọdún 1964. Ọmọ tó lè ka Yorùbá pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ náà ṣọ̀wọ́n ju bí a ṣe rò lọ, pàápàá láàárín àwọn tí a bí sí Àbújá. Ẹ̀bi tiwa ni ìyẹn, àwa òbí.

Ní ti iṣẹ́ ìjọba, Federal Civil Service Commission ni ó ń gbani, ipele kẹjọ sì ni ẹni tó ní dígírì ti ń bẹ̀rẹ̀. A kò ní purọ́ fún yín, kò sí owó rẹpẹtẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe National Archives nìkan ni ó ń wá irú wọn. Yunifásítì, ilé ẹjọ́, báńkì, ilé aṣòfin, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ni ó ní àkọsílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin Freedom of Information ti jáde ní ọdún 2011, ó di dandan fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti pa àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ó sì fún ẹni tó bá béèrè lésì láàárín ọjọ́ méje. Ta ni yóò wá a rí láàárín ọjọ́ méje bí kò bá sí ẹni tó tò ó?

Ẹ ó béèrè pé ìwé kẹta tí òjò pa ńkọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kí á má sá a sóòrùn, kí á má sì fi ọwọ́ ya ojú ìwé kankan. Ó gbé e sí yàrá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ń fi bébà funfun tó ń fa omi sáàárín rẹ̀, ó ń pààrọ̀ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni ó ṣeé kà.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àkọsílẹ̀ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá láti fi gbé òkú ọ̀kan nínú wọn lọ sílé. Ènìyàn 23 ni ó dá a, orúkọ wọn hàn gbangba, títí kan ẹni tó dá náírà márùn-ún. Orúkọ olóògbé náà ni omi ti parẹ́. A rí "Màmá" níwájú rẹ̀, a sì rí "Ẹ̀rìn" lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ bóyá Ẹ̀rìn-Ilé ni, tàbí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tàbí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ látìgbà náà, bí ẹ bá mọ ìyá náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ ìpàdé.